Ẹ̀rọ Rẹ Kò Gba Nọ́ńbà Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, ṣé òrùlé ilé tí o háyà kò jò mọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí o ti ń rẹ́rìn-ín, kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣe kọ, kí ọ̀gá rẹ sì máa wò ọ́ bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Èmi baba rẹ wà bí mo ṣe wà. Orúnkún mi ṣì máa ń sọ̀rọ̀ tójò bá fẹ́ rọ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa sì ní èyí àkọ́kọ́ jọ òun lágbọ̀n. Mo ní kó wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ohun tó mú mi gbé bírò gan-an ni pé mo ti rí ọmọ-ọmọ mi. Má jáyà, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ. Ẹ̀rọ tí o sọ fún mi lórí fóònù pé ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kọ́ ni mò ń wí, èyí tó máa ń yẹ ìwé onílà inú kọ̀ǹpútà wò kó tó jẹ́ kó wọlé, tí yóò sì máa ṣe ìyókù iṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń tì í lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ti gbà á, òun ló ń bá wa pín irúgbìn báyìí. Ohun tí ọmọ mi bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọmọ-ọmọ mi ni. Mi ò gba àròyé lórí ìyẹn.

Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí o kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, mo lọ kí i lọ́fíìsì ẹgbẹ́. Akọ̀wé wa, ọmọbìnrin tó ń lo awò ojú yẹn, ní inú kọ̀ǹpútà ló wà, kò lè jáde. Ó bá mi gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó ní òun á fún un. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sàn-án, èèpo nìkan ló kù. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn, torí ọmọ tó bá ń jẹun, àìsàn kì í tètè rí i gbé ṣe.

Akọ̀wé wá fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Ìwé náà dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ á máa gba ẹ̀gbẹ́ ebè kọjá, á máa wò wọ́n. Èyí tó bá pé á di àwọ̀ ewé, lójú kan náà á ránṣẹ́ sí sítọ́ọ̀ pé kí wọ́n wọn irúgbìn, á ránṣẹ́ sí awakọ̀, á ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pé kó máa bọ̀, gbogbo ìyẹn níbi tí akọ̀wé jókòó sí tó ń gé èékánná. Èyí tí kò bá pé á pupa fòò, ẹ̀rọ á sì sọ ìdí rẹ̀ láì bú ẹnikẹ́ni.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀. Wọ́n bi í pé báwo ni ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ó tó òun. Ẹ̀rọ ní òǹkà lòun fẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ju ti bàbá iwájú ilé òun lọ, èmi ló ń bá wí. Ẹ̀rọ tún dá a padà. Ó wá kó téèpù tó fi ń wọn aṣọ, ó ń fi wọn oko kiri bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún ilẹ̀. Mo ní ṣé o ti rí i pé ọmọ-ọmọ mi kì í gba rìbá. Ó ní ẹ jẹ́ ká rí ìlà tiyín ná, Bàbá Àgbà. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.

Ìlà tèmi pupa fòò. Ẹ̀rọ ní kò dá òun lójú pé èmi ni mo ni nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ìyá rẹ ni mo fún wọn. O ṣáà mọ ilé wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán máa ń gbà wọlé, òun ló ń kà á, òun náà ló ń sọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún mi. Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń ṣáàjì fóònù rẹ̀, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rẹ̀. Kò nídìí, ọmọ mi. Ó kàn wù mí kó máa tàn ni.

Àfi bí fóònù náà ṣe dún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn! Mo fò sókè, ó kù díẹ̀ kí n dáhùn pé ó wà ní ilé ìdáná. Ẹ̀rọ rẹ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ń bèèrè bóyá ẹni tó ni nọ́ńbà yìí ló wà níbẹ̀, pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí n tẹ ení, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n tẹ èjì. Ta ló ń fi ení lásán dá ọmọ ẹ̀ lóhùn? Mo kọ ọ́ sí i pé, ọmọ wa, kú ọ̀sán o, ìyá rẹ àgbà ló ni fóònù yìí, ó ti lọ sinmi, èmi ọkọ rẹ̀ ló wà níbí, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dùn? Ó fèsì lójú ẹsẹ̀ pé kò yé òun, kí n tẹ ení tàbí èjì. Mo tún ṣàlàyé bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣa irúgbìn, tí kì í jẹ́ kí èyí tí kòkòrò ti jẹ fara kan ilẹ̀, pé bóyá ibẹ̀ ni ìwọ ti mú iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Kò yé e. Ení tàbí èjì. Inú kì í bí i rárá, o tọ́ ọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ti sítọ́ọ̀, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ṣú. Bí ìlà wa ò bá wọlé, ilẹ̀ ìyá rẹ á di igbó lọ́dún yìí. Télọ̀ wá bá mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní ẹ tẹ ení, Bàbá, ta ló máa mọ̀? Mo ní mi ò lè parọ́ fún ọmọ tí wọ́n bí láti máa wá irọ́. Ó ní ẹ tẹ èjì nígbà náà. Mo wo èjì yẹn títí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìka tèmi ló yọ ìyá rẹ kúrò lórí ebè rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ rẹ dúpẹ́, ó ní kí n mú nọ́ńbà tó tọ́ wá. Mo sáré lọ fún akọ̀wé ní tèmi, ti fóònù tí mo kàn fi ń wo aago. Kí n tó jókòó, ó ti dún nínú àpò mi! Ó pè mí lórúkọ, ó ní ìlà mi ti wọlé, kí n máa bọ̀ wá gba irúgbìn. Mo kà á fún gbogbo ọ́fíìsì, mo kà á fún awakọ̀, mo délé, mo kà á fún ewúrẹ́. A ti gbìn ín, ó ti ń yọ orí.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra káàdì, torí èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń pè, kí o sì fi ti bàtà kún un, ìsáré yẹn ti já tèmi. Nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe sí ẹ̀rọ náà. Akọ̀wé ní àwọn mìíràn wà tí ìlà wọn ṣì pupa, tí wọn kò lè tẹ ení, tí ọwọ́ wọn kò sì gbà láti tẹ èjì. Bá wa fi ẹ̀ta sí i. Kí ẹ̀ta jẹ́ pé, ẹni tó ni ín ti lọ, èmi ló kù.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní wọgbẹ́, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ á bá ọ láàyè.

Èmi ni,
Baba rẹ.