Ìròyìn Tí Mo Gbé Sá Lọ Sétí Adágún

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, 2025

Màámi ti kú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá màá gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó kọjá, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bùrọ̀dá Kànmí, ẹ̀gbọ́n wa, fi ń sọ fún mi láti Ìbàdàn pé Màámi ń sùn, pé fóònù wọn ò dáa. Èmi ọ̀dẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́. Inú ń bí mi débi pé ẹkún ò jáde.

Bùrọ̀dá tún wá ní kí n má sọ fún Máyọ̀wá. Lẹ́pa mi, ọmọkùnrin tó jẹ́ àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò nọ́ọ̀sì ẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí. Béèsìmẹ́ǹtì kan náà la jọ ń gbé ní Scarborough, ní Kánádà níbí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wò ó lójú?

Mo ti gba àyè ìpàgọ́ láti oṣù kẹfà. Màá lọ. Ojú mi ò mọ irọ́ pa.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Killarney, níbi tí mo gba àyè sí. Wákàtí márùn-ún, èmi àti Ìyá Àgbà — Corolla mi — tó ń húkọ́ ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́pa ló bá mi di ẹrù. Ó ní kí n lọ gba atẹ́gùn, kí n má dààmú nípa òun. Kò tiẹ̀ béèrè Màámi. Ó dùn mí o. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀!

Gààrí, sadíìnì, ẹ̀pà: oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn aṣọ́gbà ní kí n tì í mọ́nú mọ́tò nítorí béárì, ẹranko ńlá inú igbó ibí. Kó máa bọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gun òkè. Àpáta funfun, adágún mẹ́rin nísàlẹ̀, omi wọn tòrò. Mo pariwo "Màámi!" Tọkọtaya òyìnbó kan sáré wá, wọ́n rò pé mo ṣubú. Mo ní I'm fine. Fine kẹ̀! Obìnrin náà bó ọsàn fún mi, ó ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ lẹkún ti já. Mo sun ún, mo ń jẹ ọsàn náà lọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò. Mi ò jáde nínú àgọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ṣí lọ sí adágún kejì, lọ́nà ìlú Elliot Lake. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé nílé epo. Mẹ́séèjì Lẹ́pa mọ́kànlá: ṣé ẹ ti jẹun, ẹ lo oògùn BP yín o. Bùrọ̀dá ní ìsìnkú di Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìmígíréṣọ̀n; tí mo bá jáde, mo lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Orí fóònù ni màá ti wo bí wọ́n ṣe ń sin ìyá tó bí mi. Bíi sinimá.

Mo kọ ọ́ sí Lẹ́pa — Màámi ti... Mo pa á rẹ́. Mo ń bú Bùrọ̀dá, èmi náà ti di Bùrọ̀dá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lọ́la, tí Lẹ́pa bá ti ṣèdánwò tán, màá sọ. Kódà kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ṣáájú ẹ̀ délé. Ó wọlé, kò bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, kí n má bínú sí òun. Ó ní Màámi ti kú.

Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n kú gan-an lòun pe fóònù wọn, Àǹtí Kàfáyàtù, ará ilé tó dojú kọ tiwa n'Íbàdàn, ló gbé e. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ pé kí n má gbọ́ nítorí BP mi, kí Bùrọ̀dá má sì mọ̀ pé òun ló tú u síta.

Mo ní, "Máyọ̀wá, mo mọ̀." A wá dì mọ́ra wa.

Mo bi í bó ṣe ṣe é tí mi ò fi mọ̀. Ó ní tí ẹkún bá ti dé, ẹ̀rọ ìfọṣọ lòun máa ń tan, kí n má baà gbọ́ ohùn òun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi dá a sun. Mo wà nínú ilé.