Ìyá Mi, Ìdọ̀tí Ni Mo Ń Kó ní Kútọnu

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Láti Agblangandan níbí, lẹ́bàá Kútọnu, mo kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì ló kan ilẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí mi. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, kí ẹ sọ fún wọn pé mo rí àdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbà, òun ni mo fi ń pa ẹsẹ̀ tí mo bá tibi iṣẹ́ dé. Ẹ kí ìyàwó Mùtíù àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tó máa ń jẹ aṣọ lórí okùn ńkọ́? Àárò òun náà ń sọ mí, ẹ wá rí bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó.

Mùtíù, àbúrò mi, ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí fún Ìyá, mo sì mọ̀ ọ́ dáadáa. Tí o bá dé ibi tó le, wàá fẹ́ fò ó, wàá ní ojú ń dùn ọ́. Má fò ó o. Tíṣà ni ọ́, o kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé rẹ fo ìlà. Kà á sókè, kí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gbọ́.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n bá mi gbé lẹ́tà yìí sí. Ẹ rántí ọjọ́ tí a sọ ọmọ Mùtíù lórúkọ. Bàbá Kékeré dìde láàárín àgbàlá, wọ́n ní ọmọ àwọn ń bẹ ní mérì, ilé ìjọba ìlú, ní Kútọnu, òṣìṣẹ́ ìlú ni. Lèmọ́mù ṣàdúà pé àga mi níbẹ̀ kò ní yẹ̀. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín, èmi náà tẹríba, mo ṣe àmín. Àmín yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà. Ìta gbangba ni mo ti pa irọ́ náà, ìta gbangba náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi, mi ò ní àga kankan ní mérì. Ìdọ̀tí ni mo ń kó.

Mi ò jókòó pète irọ́. Ẹ pè mí lórí fóònù nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ẹ bi mí pé níbo ni mo wà, mo ní inú ọgbà mérì ni. Òótọ́ ni. Ìdọ̀tí ọgbà wọn ni mo ń dà sínú kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Kí n tó sọ ìyókù, ẹ ti ń ké Alihamudulilai, ẹ ti ń pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá gbọ́. Ayọ̀ tó wà nínú ohùn yín ló di mí lẹ́nu. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá ṣàlàyé. Ọ̀la yẹn ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún.

Púsípúsí ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ wa níbí: táyà méjì, pákó, àti irin tí a fi ń tì í. Èmi àti Dòsí la jọ ń tì í. Ọmọ Fọ̀n ni Dòsí, ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí i, Ìdòwú wa náà ni, agídí rẹ̀ sì pé. Láti ìdájí la máa ń wọ àdúgbò kan ní Akpakpa. Ilé kọ̀ọ̀kan á gbé garawa jáde, a ó dà á, tí oṣù bá parí wọ́n á san nǹkan fún wa. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, eruku á kún wa nímú. Tí òjò bá rọ̀, ẹrù náà á wúwo ju ẹni tó ń tì í lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń kí wa. Lọ́dọ̀ wa ní Ṣakété, ẹni tó ń roko, ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó jókòó tó ń ṣa ẹyìn, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa kí i kú iṣẹ́. Níbí, wọ́n á dimú, wọ́n á yà bàrá. Nígbà mìíràn èmi ni mo máa ń kí Dòsí kú iṣẹ́, òun náà á kí mi padà, ká má baà gbàgbé bó ṣe ń dún létí.

Ibi tí a ti ń da ẹrù wa nù ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Omi ló yí Kútọnu ká. Ilẹ̀ gbígbẹ ti wọ́n, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó o á ra irà. Tó bá rà á tán, tí kò lágbára iyanrìn, á pe àwa onípúsípúsí pé ká máa kó ìdọ̀tí bọ̀. A ó máa dà á síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ga, wọ́n á bu iyanrìn díẹ̀ lé e lórí, wọ́n á kọ́lé. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa! Wọ́n á gbé omi tútù fún wa mu. Níbẹ̀ nìkan ni ojú wa ti máa ń fẹ́ jọ ojú ènìyàn, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ burúkú náà.

Ọmọ Gùn ni ìyá onílé mi, opó ni wọ́n, Màmá Sénà là ń pè wọ́n. Ọmọ ni wọ́n fi mí ṣe. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọwọ́ wọn ni mo ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Àgbàlá wọn lọ sílẹ̀, omi a máa dá síbẹ̀, mo wá ní kí n san oore. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni mo fi kó ìdọ̀tí kún un, mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dòsí ní mo ń ṣojúsàájú, pé Màmá Sénà ni mo ń kó ojúlówó fún. Nígbà tí òjò ńlá dé, omi gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Ọ̀rá dúdú ń léfòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, kànga ń rùn, inú rírun sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní mi ò mọ̀ ni. Ìyá, ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, mo sunkún, mo ní oore tí mo ṣe ló fẹ́ pa ẹni tó ṣe mí lóore.

Ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá nígbà tí a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ fòpin sí dída ìdọ̀tí sí irà. Ọkọ̀ ńlá ló máa kó gbogbo rẹ̀, púsípúsí á sì kúrò lójú títì. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé aláwọ̀ ewé ló ń bọ̀, iṣẹ́ ajé tí kò ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Dòsí wo ara rẹ̀, ó ní aṣọ pupa lòun wọ̀, àbí torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ lé òun? A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́ nídìí kẹ̀kẹ́ yẹn. Èmi náà, ohun tí mo fi ń ránṣẹ́ sílé, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn mérì. Mi ò fẹ́ lọ, mo ń bẹ̀rù kí ará Ṣakété kan má lọ rí mi láàárín àwọn akólẹ̀. Dòsí ló wọ́ mi lọ. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ títí orí mi fi ń wú. Ìgbà tó yá ni ìyá kan láàárín ìgbìmọ̀, tí irun orí wọn ti funfun, sọ̀rọ̀ ní èdè Gùn, wọ́n ní láti àárọ̀ là ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, a ò sì tíì gbọ́ ohùn wọn. Gbogbo ojú yí sí wa. Dòsí gún mi nígùnpá. Mo dìde, mo sọ ọ́ ní Nàgó, Yorùbá tí a ń sọ nílé, òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ Pobè sì ń túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá Sénà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá a dúró lóòótọ́, èmi gan-an lẹlẹ́rìí, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọkọ̀ ńlá ò lè wọ ọ̀nà tóóró wa, tí kò bá sì wọ̀ ọ́, àwọn ènìyàn á tún gba irà lọ, àwa tí a mọ ilé kọ̀ọ̀kan á sì jókòó sílé láìjẹun. Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yín. Mo ní ìyá mi ń bẹ ní Ṣakété, kì í da ilẹ̀ tó bá gbá papọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ti ewúrẹ́. Eérú àti ewé di inú kòtò ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí tòmátì ti máa ń hù fúnra rẹ̀. Ìgò àti agolo di kọ̀rọ̀ ògiri, títí ẹni tó ń rà á á fi dé. Ohun tó bá ṣẹ́kù kì í kún igbá. Mo ní èèpo ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tì kiri yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sórí iyanrìn nínú ìlú yìí kan náà ń wá ohun tí ilẹ̀ wọn máa jẹ. Kí wọ́n jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé.

Ìyá náà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n bi mí pé iléèwé wo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní ìyá mi ló kọ́ mi. Wọ́n bi mí ní orúkọ yín, mo dá a, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: Sìkírátù, ti Ṣakété. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ará ilé wa kan ò dé mérì. Ẹ̀yin lẹ débẹ̀, Ìyá mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́, kò di dáadáa lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní àdúgbò tiwa. Ọkọ̀ ńlá ń dúró lójú títì, púsípúsí ló ń wọ inú. Ilé kọ̀ọ̀kan ní garawa méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ọ̀kan fún èyí tí kì í jẹrà. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀ kan tí wọ́n ṣọgbà yí ká, ibẹ̀ la ti ń yí èèpo padà títí á fi di ilẹ̀dú, àwọn alágbìn-ẹ̀fọ́ ń wá kó o, ìgbìmọ̀ náà sì ṣèlérí pé ilẹ̀dú tí àwọn á fi gbin òdòdó ojú títì, ọ̀dọ̀ wa làwọn á ti kọ́kọ́ rà á. Wọ́n fún wa ní bàtà àti ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ ọ̀hún tóbi débi pé ọwọ́ Bàbá Kékeré méjèèjì á wọ ẹyọ kan. Àwọn ilé kan ṣì ń dà á pọ̀, àwọn onírà kan ṣì ń ṣẹ́wọ́ sí wa, gọ́tà tí wọ́n ń gbẹ́ ò sì tíì dé òpin ọ̀nà wa. Àgbàlá Màmá Sénà, èmi àti Dòsí la fọwọ́ ara wa hú gbogbo ohun tí mo sin síbẹ̀, kí iyanrìn tí a ó fi dí i tó dé. Mo rí ọ̀rá tí mo mọ ọjọ́ tí mo gbé e wá.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe káàtì fún wa, èyí tí a ó máa fi gba ìtọ́jú, akọ̀wé bi mí pé kí lòun máa kọ sí ibi iṣẹ́, àbí kí òun kọ òṣìṣẹ́ ìlú. Irọ́ mi àtijọ́ ló tún gbé àga fún mi yẹn. Mo ní kó kọ akólẹ̀. Bí mo ṣe jáde síta ni mo rò ó pé, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ti mọ̀ ọ́n, ìyá tó bí mi ò mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan gbé garawa wọn méjèèjì jáde, wọ́n sì kí wa pé kúdó àzọ́. Ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn, lédè Fọ̀n. Dòsí dá kẹ̀kẹ́ dúró. A wo ara wa, a gbàgbé láti dáhùn. Ìgbà tí a dé ìkóríta ni mo sáré padà lọ jẹ́ ẹ.

Ìyá mi, mo fi àpò kékeré kan rán awakọ̀ tó ń ná Ṣakété. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù o. Kò rùn mọ́, ẹ bù ú wò, bí oko lẹ́yìn òjò ló ṣe ń ta sánsán. Èèpo Akpakpa ni, ọwọ́ èmi àti Dòsí ló yí i. Ìdí ata yín ni mo ní kí ẹ dà á sí. Tí inú bá ń bí yín sí mi, ẹ gbé e ti ògiri, á yé mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dà á, ẹ ní kí Mùtíù pè mí, kí ó gbé fóònù sí yín lẹ́nu. Ẹ má wulẹ̀ sọ ohun púpọ̀. Ẹ ṣáà ní, Rafíátù, o kú iṣẹ́.

Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ yín lókun, ẹ ó jẹ èrè wa pẹ́. Ẹ kí gbogbo agboolé, tèwe tàgbà, ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lèmọ́mù nítorí àdúà àga yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n ṣe òmíràn fún táyà méjèèjì.

Èmi ni ọmọ yín,
Rafíátù, akólẹ̀.