Ọkọ̀ Màmá Ló Rì, Kì Í Ṣe Ọkọ Màmá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbi tí mo wà yìí, lórí sìmẹ́ńtì yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀, mi ò sì tíì dìde. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi, pàápàá èyí tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí ó rọra kà á. Ẹ kí àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ tó máa ń bá yín tún àwọ̀n ṣe. Ẹ kú òjò o.

Bàbá, ẹ wà láàyè. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ nìyẹn, kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí sì gbọ́ ọ: bàbá mi kò kú. Èmi ni mo pa wọ́n, ìka ni mo sì fi pa wọ́n. Mo gbé lẹ́tà yìí fún àwọn oníwèé ìròyìn nítorí pé ìròyìn ikú náà ti sáré kọjá ibi tí ẹsẹ̀ mi lè lé e dé. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo àmì tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára àpótí, kí n rí i pé ó bá ti inú ìwé mu. Ẹrù tí kò bá ní àmì lára, ilé onílé ló ń lọ. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Boundary dé Wharf Road, nítorí pé tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà, òjò sì ti sọ ojú títì di ẹrẹ̀. Owó tí mò ń gbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ló ń dà mí láàmú. Nínú ọgbà tí mò ń gbé, Íbò ni wọ́n ń sọ lápá ọ̀tún, Ùròbò lápá òsì, a sì ń fi pijín bá ara wa ṣeré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí mo lè bá sọ̀rọ̀ adágún ìlú wa.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Sístà Dúpẹ́ kọ̀wé sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rántí Dúpẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, àti Fẹ́mi àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì tí wọ́n máa ń kó wá sọ́dọ̀ yín láti Ìbàdàn ní gbogbo ọlidé gígùn. Bùọ̀dá Fẹ́mi, tó wà ní Amẹ́ríkà báyìí, fi mọ́tò kan ránṣẹ́ sílé. Ọ̀gá mi ló bá a gbà á jáde, Fẹ́mi sì rí orúkọ mi nísàlẹ̀ ìwé ẹrù náà. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ẹ ó tẹ̀ ẹ́ ní Àpápá, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ti kà á kí omi ẹ̀bà tó hó.

Òyìnbó ló fi kọ tirẹ̀. Ó ní báwo ni ilé, báwo ni adágún, ṣé ẹja ṣì wà níbẹ̀. Mo ní Yorùbá ni mo máa fi dá a lóhùn, kí ó lè mọ̀ pé ilé ló ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin ará Wọ̀rí tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Wharf Road ní kí n yáa fi òyìnbó kọ ọ́, pé kọ̀ǹpútà òun kò ní iyọ̀ tí àwa Yorùbá máa ń wọ́n sórí ọ̀rọ̀ wa. Mo ní kí ó máa gba owó rẹ̀, kí ó fi èdè mi sílẹ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà náà pé ìjì gbé ọkọ̀ lọ. Mo wá tẹ̀ ẹ́ báyìí:

Oko Mama ti ri somi. Iji lo gbe e lo. Won wa a titi, won ko ri i.

Ọkọ̀ ni mò ń sọ, ọkọ̀ onígi tí Màmá jogún lọ́wọ́ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ orúkọ tí àwọn ọmọ ọlidé ń pè yín. Màmá ni gbogbo ọjà ẹja mọ̀, nítorí náà bí àlejò bá béèrè ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ máa ń ní, ọkọ Màmá ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ yín lára. Àwa ọmọdé máa ń fi dán ahọ́n ara wa wò nínú omi: Ọkọ Màmá wà nínú ọkọ̀ Màmá, ọkọ̀ Màmá gbé Ọkọ Màmá. Bí mo ṣe kọ ọ́ láìní àmì, Ọkọ Màmá ni Sístà Dúpẹ́ kà. Ó kà á pé ẹ ti rì, pé wọ́n wá yín títí, wọn ò rí yín.

Àmì ara ẹrù ẹlẹ́rù ni mò ń ṣọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tèmi ni mo fi ránṣẹ́ láìní àmì.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, ìdáhùn ti kún ibẹ̀. Dúpẹ́ ti sọ fún Fẹ́mi. Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ yín. Sístà Dúpẹ́ ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ so okùn mọ́ ọn nídìí, ẹ di orí okùn mú, ẹ ń bá a rìn létí omi, àwọn tó ń kọjá sì ń bi yín pé èló ni ewúrẹ́ yẹn. Ẹ ní ẹ ò tà á, ẹ ń dá a sí de iléyá ni. Bùọ̀dá Fẹ́mi ní bàtà òun bọ́ sómi, ẹ sì wọlé lọ wá a, ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn. Bàtà tí ẹ mú jáde kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni, bàtà náà sì ti jẹrà. Ẹ ní kí ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé omi ti bá a pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní òun sọkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ń rántí rẹ̀ nínú yìnyín, òun a sì máa dá rẹ́rìn-ín.

Àwọn méjèèjì ló rántí bí ẹ ṣe ń ka bàtà. Bí a bá ti inú omi jáde nírọ̀lẹ́, ẹ kì í ka orí wa, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàtà tí a bọ́ sílẹ̀ lẹ máa ń wò. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ó ní ó pé, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹ kì í mí títí ẹni tó ni ín á fi yọ.

Bàbá, ibí yìí ni ìtìjú mi wà. Àṣìṣe náà kọ́. Mo rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀, mi ò sì tún un ṣe. Mo fẹ́ kí ó dùn wọ́n díẹ̀. Gbogbo ọdún tí ẹ fi jókòó sétí omi tí ẹ ń wo ọ̀nà nígbà ọlidé, níbo ni wọ́n wà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo fẹ́ gbọ́ sí i. Bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, màá lọ síbẹ̀, màá kà á, màá dákẹ́, màá sì máa lọ sílé bí ẹni tó jalè.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí Bàbá Kàfìńtà fi wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn ni olórí àwa ọmọ ìlú wa ní Ajégúnlẹ̀. Bùọ̀dá Fẹ́mi ti tẹ ẹnì kan láago ní Èkó, ọ̀rọ̀ sì ti rìn dé Boundary. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní mo kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù, ṣé àwọn kì í ṣe èèyàn ni. Onílé mi náà jáde, ó ń fi pijín sọ pé bàbá kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tà lọ́jà Boundary. Bàbá Kàfìńtà wá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ọgbà ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Bàbá, mo ṣe àmín. Ẹ̀yin wà nílé, bóyá ẹ tiẹ̀ ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́, ọmọ yín ń ṣe àmín sí ikú yín.

Bàbá Kàfìńtà ò tíì yà ní kọ̀rọ̀ tí mo fi sáré tọ̀ wọ́n, mo jẹ́wọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn dé fìlà wọn padà, wọ́n ní àwọn ì bá fẹ́ mọ olùkọ́ tó kọ́ mi níwèé. Ó dùn mí ju ìgbátí lọ, nítorí pé olùkọ́ abúlé wa kò jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìní àmì rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ Sístà Dúpẹ́ láago. Mo ní Bàbá ò kú, ọkọ̀ ló rì. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbà á gbọ́, ó bú mi. Ó ní olóríkunkun tí mo jẹ́ nígbà tí imú mi ń ṣàn náà ni mo ṣì jẹ́. Ó ní òun rí i pé mi ò pe bàbá mi ní wọn, pé mo kọ ọ́ pé ìjì gbé e lọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ agbọ̀n. Òun rò pé Ajégúnlẹ̀ ló ti ba ẹnu mi jẹ́. Ó ní wọ́n ti ra òdòdó fún òun níbi iṣẹ́, báwo lòun ṣe fẹ́ dá a padà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, ọkọ̀ wo gan-an ló rì? Nígbà tí mo sọ fún un, ó bú sẹ́kún, ẹkún ti ọkọ̀ nìyẹn.

Mo sọ èyí tó burú jù fún un, pé mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ó ní òun kò ní dárí jì mí lórí fóònù; ẹ̀yin lòun máa fẹjọ́ mi sùn, lójúkojú. Òun àti Fẹ́mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún ìsìnkú, wọn ò sì ní dá a padà. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọn bọ̀ ní ọlidé yìí.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa òkú yín ni mo kọ yìí, kí ẹ̀yin alààyè lè gbọ́ ọ. Tiyín ni; mo ti jẹ nínú rẹ̀ jù. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gbà mí. Bí ẹ bá ní kí n má wá, màá wá, ẹ mọ̀ mí. Màá kàn dúró níta.

Bí a bá bọ́ bàtà sétí omi bíi ti àtijọ́, ẹ ó rí bàtà kéékèèké àwọn ọmọ òkè òkun, ẹ ó rí ti Dúpẹ́ àti ti Fẹ́mi. Ẹ ó rí sálúbàtà kan tó ti gbó, tí ẹrẹ̀ Wharf Road wà lára rẹ̀, tó jìnnà díẹ̀ sí àwọn tó kù. Tèmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a wá yín tì láé. Kí ó fi ọkọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tó lọ fún Màmá, kí ọkọ Màmá sì pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn tó ń bá yín tún àwọ̀n ṣe, kí wọ́n bá mi ṣe àmín, nítorí tèmi ṣì há mi lọ́fun.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní,
tó fi bírò fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, tó sì tún un yẹ̀ wò kó tó dìde nílẹ̀.