Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Afẹ́fẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìwopin

Ojú ara mi ń tì mí. Tíṣà tí wọ́n kọ́ mi ní ìwé kíkà, tí wọ́n ń fi ọ̀kadà oníbátìrì gbé èrò báyìí, wá pààrọ̀ bátìrì lọ́dọ̀ mi, níbi tí mo ti ń gba èyí tó ti tán lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, tí mo sì ń fún wọn ní èyí tó kún. Ọ̀kan péré ló kún, mo sì ti fi í pamọ́ de Túndé, àfẹ́sọ́nà mi, tí òun náà ń gun ọ̀kadà.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, iná ò wọ bátìrì."

Wọ́n gbójú sókè wo òpó tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná fún wa létí ọ̀sà. Apá rẹ̀ ń yí fìrìfìrì.

"Kò burú, ọmọ mi."

Wọ́n ń ti ọ̀kadà lọ nínú oòrùn. N kò pè wọ́n padà.

Nígbà tí Túndé dé, ó bi mí pé, "Bàbá wo ló ń ti ọ̀kadà lójú ọ̀nà yẹn?"

Mo gbé bátìrì fún un. Mo ní n kò mọ̀ wọ́n.