Kọ̀ǹpútà Yín Ti Jí, Ojú Ẹ̀ Ni Kò Là

Màmá mi,

Oorun kọ̀ǹpútà ni pé kó pajú dé láti fi iná pamọ́, láìgbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Mo kí Bàbá àti àbúrò mi. Ara mi le. Yàrá mi níbí ló dákẹ́ jù.

Àbúrò ní Bàbá sọ pé, "Ẹ̀rọ yìí ti kú, ẹ gbé e fún oníkóńdẹ̀mù." Kò kú o! Ó ti jí, ojú ẹ̀ ni kò là. Ètò ọ̀fẹ́ tí mo fi sí i láti máa darí ẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá jí lójú oorun. Látìgbà tá ò ti rí ara wa lójú ẹ̀ ká jọ máa jẹun mọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi.

Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ di Ctrl àti Alt mú, kẹ́ ẹ tẹ F3. Tí ọ̀rọ̀ funfun bá yọ, ẹ fi F2 ṣe bẹ́ẹ̀. Tójú ẹ̀ bá là, ẹ bu oúnjẹ yín, kẹ́ ẹ pè mí.