Ìwé Ìhágún Bàbá Olómi-Gbígbóná, Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ Páìpù Kan

Èmi, tí orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi wà ní kíkún lára àpò tí a fi ìwé yìí sí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú mi, tí wọ́n sì ń pè ní Bàbá Olómi-Gbígbóná lẹ́yìn mi, ni mo ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Orí mi pé. Dókítà tó yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ẹsẹ̀ mi ni kò dá ṣáṣá, a kì í sì í fi ẹsẹ̀ pín ogún. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní kí n fi ìwé kíkọ sílẹ̀, kí n wá jẹun. Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ta mọ́tò mi láìbi mí.

Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ oníṣègùn eyín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín kò wọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń jà sí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ kà á papọ̀.

Ìkíní. Ilé tí mò ń gbé di ti ìyàwó mi, àtòkè àtilẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni obìnrin yìí fi fara da òórùn imí-ọjọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá ti ìsun omi gbígbóná dé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò ti gba aṣọ lára mi, yóò ní kí n wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kí òun. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ tó, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí, kí agbẹjọ́rò lè fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ìkejì. Awò ńlá tí mo fi ń wo kòkòrò àìfojúrí, èyí tó wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, di ti ọmọ mi ọkùnrin. Kó máa fi wo ohun tó bá há sáàárín eyín àwọn ènìyàn. Yóò rí i pé ẹnu ọmọ aráyé burú ju ibikíbi tí mo dé lọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Mo ní mò ń wá ohun tó wà láàyè níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà láàyè: nínú omi tó fẹ́ẹ̀ hó, nínú adágún tó jẹ́ kìkì iyọ̀, nínú omi tó lè jó bàtà. Ó lọ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé bàbá òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ti dárí jì í. Mi ò tíì gbàgbé.

Ìkẹta. Ẹran ọ̀sìn. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi ewúrẹ́ àti àgùntàn sílẹ̀. Tèmi pọ̀ ju ẹran gbogbo ayé lọ, inú ìgò mẹ́fà péré ni wọ́n sì wà, nínú àpótí gbígbóná tó wà ní yàrá àlejò. Wọ́n pọ́n bí amọ̀ tí a ti sun. Ọmọ mi obìnrin ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni kó máa fún wọn ní oúnjẹ tuntun. Mo ti lẹ bí a ṣe ń pò ó mọ́ ara fìríìjì. Ìwọ̀n ooru wọn jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin. Omi tí ènìyàn lè fi wẹ̀ láìpariwo, òtútù ni lójú wọn. Ìwọ tí o máa ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó jẹun, mo mọ̀ pé o ti ń yínmú. Kòkòrò wọ̀nyí ló sọ mí di ènìyàn láwùjọ. Àwọn ló gba àmì ẹ̀yẹ fún mi.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo sọ fún aráyé pé mo ti rí wọn kọ́ ni mo ti rí wọn.

Ìkẹrin. Ọ̀rọ̀ páìpù. Ẹ jókòó.

Ní yàrá ìwádìí wa, obìnrin kan wà tó ń fọ ìgò. Ìyá Ìgò ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ni mo ń pè wọ́n, torí pé èmi ni ọ̀gá. Omi gbígbóná inú táńkì tó wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣan ìgò. Àwọn ìgò náà ni mo ń gbé lọ bu omi ní ìsun omi gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo gun òkè yẹn. Ní ìgbà kẹta, ẹsẹ̀ mi òsì yọ̀ bọ́ sínú omi, ó sì bó. Ní ìgbà keje, ohun pupa kan hù nínú ìgò kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ayé pàtẹ́wọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, páìpù táńkì dí, púlọ́mbà sì tú u. Ìyá Ìgò rí ẹrẹ̀ pupa kan nínú rẹ̀. Wọ́n fi ṣíbí bù ú sórí ọmọ àwo tíì, wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì mi, wọ́n ní ó jọ pé inú páìpù àwọn ni nǹkan mi yìí ti wá. Pé ìgò ló gbé e lọ, ìgò ló gbé e bọ̀. Àlejò pàtàkì wà níwájú mi. Mo ní kí wọ́n gbájú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kí a gbé wọn lọ sí ilé àwọn akọ̀wé. Ife tíì ni wọ́n ń fọ níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, a yọ táńkì náà dànù. Mo fi aṣọ ìnura wé páìpù rẹ̀, mo gbé e wálé, mo ha inú rẹ̀, mo wò ó. Òun náà ni. Mo rán ènìyàn lọ sí ìsun omi pẹ̀lú ìgò tuntun tí omi táńkì kò kàn rí. Kò sí ohun pupa kankan tó hù. Mo jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, ìyàwó mi sì rò pé ẹnì kan kú.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu gbogbo yín báyìí. Mo ti pa á fún ara mi lọ́jọ́ náà. Ẹ má pa á níbi ìsìnkú mi.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti pa ẹnu mọ́. Kì í ṣe àṣìṣe ló ń tì mí lójú; ta ni kì í ṣì í? Ọmọ àwo tíì yẹn ni.

Ìkarùn-ún. Ilé kékeré tó wà nínú ọgbà, yàrá méjì àti kíṣìnnì, di ti Ìyá Ìgò. Kí a sì tẹ òótọ́ jáde lẹ́yìn ikú mi.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ mi agbẹjọ́rò kà á, ó ní Ìyá Ìgò ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí wọ́n bá wá ṣáájú mi lọ ń kọ́? Ó ní ó jọ pé mo fẹ́ kú kí ojú má baà tì mí. Ọmọ tí mo rán nílé-ìwé nìyẹn o. Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọṣọ, mo wá ilé wọn lọ.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní ìgbàkígbà tí àwọn bá rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn a máa bá páìpù àwọn yọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi náà kò sì dá.

Ìkẹfà. Lẹ́tà òótọ́, sí àwọn tó tẹ ìwádìí mi jáde, kò dúró de ikú mi mọ́. Ó ti lọ láàárọ̀ òní. Orúkọ Ìyá Ìgò ló ṣáájú, tèmi tẹ̀lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba àmì ẹ̀yẹ padà, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Ẹ bá mi nu eruku ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹni náà.

Ìkeje. Mo pa ẹ̀bùn ilé inú ìpín karùn-ún rẹ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ka ìwé yìí fún Ìyá Ìgò, wọ́n dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé, wọ́n wá bèèrè ẹni tí yóò buwọ́ lù ú bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe é. Ọmọ mi agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ jogún nínú rẹ̀. Wọ́n ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ní ibi tí àwọn ń sùn. Wọ́n ní ìwé ìwádìí mọ́kànlélógójì ni àwọn fọ ìgò fún lọ́dọ̀ mi, orúkọ àwọn kò sí nínú ọ̀kankan. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Ilé náà di ti ọmọ mi obìnrin.

Mo buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì, ní yàrá ìjókòó Ìyá Ìgò, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Ìbuwọ́lùwé: Bàbá Olómi-Gbígbóná.

Ẹlẹ́rìí kejì: aránṣọ tó ń gbé lókè ilé wọn. Ó ní kí a ṣe kíá, oníbàárà ń dúró de òun.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìyá Ìgò. Wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ó gba ìlà méjì, gbogbo wa sì dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.