Fìlà Tí Fọ́tò Sọ Di Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́,

Mo kí yín. Ara mi le, orúnkún nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́. Ọ̀gá tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ń sọ, ó ń kọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bu oyin sí i. Ràṣídà, ọmọ ọmọ mi, ìbá kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin gbọ́ Hausa ju òun lọ. Síbẹ̀, Yorùbá ni mo fẹ́ fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ yangàn díẹ̀. Bí mo bá ṣe é níbí, wọ́n á ní ìgbéraga ni. Fìlà wa ti wà lórí fóònù báyìí. Ẹni tó wà ní Èkó ń wò ó, ẹni tó wà ní Mẹ́kà náà ń wò ó. Ràṣídà ló ṣí pééjì fún un. Ogójì fìlà ni: ọ̀kan tí ẹ̀yin rán kẹ́yìn, ìyókù jẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì, tèmi àti tàwọn obìnrin mẹ́fà tí mo kọ́ níṣẹ́ ní àdúgbò Noman's Land ní Kano níbí. Ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀. Ó di igba fọ́tò.

Wọ́n ní àwọn fọ́tò náà wúwo. Ẹ má bi mí bí ohun tí a kò lè fọwọ́ gbé ṣe ń wúwo, èmi náà bèèrè títí ó fi sú mi. Ohun tí mo gbọ́ ni pé bí fọ́tò bá tóbi jù, kì í tètè ṣí lórí fóònù ẹlòmíràn, ó sì ń jẹ détà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Àwọn oníbàárà ń ráhùn. Ràṣídà wá gba ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀m̀pútà kan lọ ní Enugu Road, ó kó gbogbo igba fọ́tò náà sójú kan, ó ní kí kọ̀m̀pútà sọ wọ́n di kékeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kò tó àsìkò tí kosai, àkàrà àwọn Hausa, fi ń pọ́n nínú epo. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan ní Ìlọrin, tó ti ní ká bá òun rán ogún fìlà fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò wa, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: “Ẹ̀rọ ló rán èyí. Ẹ̀yin ará Kano, ẹ yé tàn wá jẹ.” Àwọn mìíràn bá a dá sí i. Obìnrin kan tilẹ̀ ní oníṣẹ́ ọwọ́ ti kú tán ní Sabon Gari, àdúgbò wa.

Ìyá mi, ẹ mọ̀ mí. Inú mi gbóná. Ràṣídà ń sunkún, ó ní, “Kaka, in goge?” Ó ń bi èmi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá kí òun pa ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà rẹ́.

Mo ní, “Má pa nǹkan kan rẹ́. Gbé e wá kí n rí i.”

Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ fìlà. Mo gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, mo gbé e jìnnà. Mo bi í pé, “Fìlà ta nìyí?”

“Tiyín ni, Kaka.”

“Irọ́ ni.”

“Wallahi, tiyín ni.”

“Tó bá jẹ́ tèmi ni, a jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ò purọ́. Èmi pàápàá ò ní í rà á.”

Gbogbo ihò wínníwínní tí à ń fi abẹ́rẹ́ lu, tí à ń rán etí rẹ̀ yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, ti dà pọ̀ bí ògì. Ẹ̀rọ gan-an ló jọ. Mo ní kó dá àwọn fọ́tò náà padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ibẹ̀ ló ti gbé ojú sílẹ̀. Kékeré ló fi rọ́pò ńlá, kò sì fi ẹyọ kan pamọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ba fìlà jẹ́ nínú bàsíà? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ẹ lọ sọ́jà, mo ní kí n mú inú yín dùn, mo ki fìlà mọ́kànlá bọ omi sitáàṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Òwú pupa ṣí, gbogbo funfun di rúsúrúsú. Ẹ kò nà mí. Ẹ kàn wò mí, ẹ ní, “Ẹyọ kan là ń kọ́kọ́ fọ̀ wò.” Lẹ́yìn náà lẹ ní kí n lọ bá àwọn tó ni fìlà nílé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Ó dùn mí ju pàṣán lọ. Mi ò dúpẹ́ nígbà náà. Mo ń dúpẹ́ báyìí.

Nítorí náà, mi ò bá Ràṣídà jà. A tẹ́ ẹní sí àgbàlá, a tún gbogbo fìlà tó wà nílẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sáré lọ sí Enugu Road, mo dì í mú. Mo ní kó dín ẹyọ kan kù, kó gbé e wá fún mi. Òdòdó kan wà níwájú fìlà náà tó ní ihò méjìlá. Mo kà á lójú fóònù, ihò méje ni mo rí. Mo ní, “Tún un ṣe.” Ó lọ, ó bọ̀. Mo rí mẹ́sàn-án.

Ó ní, “Kaka, ó ti rẹ kọ̀m̀pútà.”

Mo ní, “Ó kúkú ń jókòó ṣiṣẹ́. Tún un ṣe.”

Nígbà kẹta, mo ka méjìlá, fọ́tò náà sì ń tètè ṣí lórí fóònù aládùúgbò. Mo ní, “Ó pé. Ki ìyókù bọ omi.”

Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, ẹ kì í bá a jiyàn. Ẹ ó yí fìlà dà, ẹ ó gbé inú rẹ̀ lé e lórí itan. Mo ní kí Ràṣídà ya inú fìlà kọ̀ọ̀kan náà, kó má dín ìyẹn kù, òdòdó kan péré ni kó gé jáde níbẹ̀. Ó ní inú fìlà ò dára lójú. Mo ní ìyàwó tí kò lè ṣí yàrá rẹ̀ fún àlejò, ẹ̀gbin ló kó síbẹ̀.

Ọ̀kan ń dùn mí. Fìlà tí ẹ rán kẹ́yìn, mo ti fi ta ọmọ lémọ́mù lọ́rẹ lẹ́yìn tí Ràṣídà yà á tán, kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lára àwọn tó bàjẹ́, ihò rẹ̀ ò sì ṣeé kà. Ṣé ó bí yín nínú pé mo fi tọrẹ?

Ọkùnrin Ìlọrin rí inú fìlà. Ó kọ ọ́ pé, “Màmá, ẹ forí jì mí.” Mo ní kí Ràṣídà sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ogún fìlà rẹ̀ ti ń lọ.

Obìnrin kan ní Gúsáù náà rí i. Kò mọ̀wé bíi tèmi, ohùn ló fi ránṣẹ́. Ó ní, “Wannan aikin Iya ne.” Ó ní iṣẹ́ Ìyá nìyí. Ẹ̀yin ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ abẹ́rẹ́ ní kékeré, kí ọkọ tó gbé e lọ. Ó ní gbogbo kókó òwú inú rẹ̀ ló dorí kọ òsì.

Mo yí fìlà ọwọ́ mi dà. Òsì ni lóòótọ́. Wọ́n bú yín títí pé ọlọ́wọ́ òsì kò yẹ kó rán ohun tí èèyàn ń dé kírun. Àwa tí a jókòó wò yín sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, à ń so kókó sí òsì bíi tiyín, títí kan èmi tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀ pé ó hàn.

Obìnrin náà bèèrè bóyá ẹ ṣì ń ránṣọ. Ràṣídà ń wò mí lẹ́nu. Mo ní kó sọ fún un pé ẹ ti dágbére fáyé. Mo tún ní kó dúró ná. Mo ní kó ya ọwọ́ mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kó fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i, kó má dín in kù rárá. Bó bá wúwo, kó wúwo.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì jókòó ti fìlà ní Ibo Road.